Adìẹ Tó Ń Tòògbé Lẹ́yìnkùlé: Ìgbà Wo La Ń Tọ́jú Ẹ̀, Ìgbà Wo La Ń Pa Á?

Bí ọyẹ́ bá ti wọlé sí Ìbàdàn, ariwo kan náà ló máa ń sọ lágboolé, láti Agúgù títí dé Apẹ̀tẹ́. Adìẹ kan kú mọ́jú. Òmíràn ti ń yí ọrùn kí oòrùn tó kan àtàrí. Ìyá àgbà ní kí wọ́n gbé omi kaná, kí wọ́n tètè dúńbú àwọn tó kù kí òfò má baà pọ̀. Ọmọ tó wá sílé láti yunifásítì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Aládùúgbò ti tú tẹtirasáíkìlìn sínú omi wọn. Lórí WhatsApp, ẹnìkan ti fi ohùn ránṣẹ́ pé bird flu ló dé; ẹlòmíràn ní irọ́ ni, ọyẹ́ lásán ni.

Kò sí èyí tó ń sọ̀rọ̀ láìnídìí nínú wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ́jú pọ̀ ni pé ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n ń dáhùn, wọ́n sì rò pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Ṣé adìẹ yìí ṣì lè yè? Bí kò bá lè yè, ṣé ká pa á ni àbí ká fi í sílẹ̀? Bí a bá pa á, ṣé a lè jẹ ẹ́? Adìẹ tó yẹ ká pa lónìí lè jẹ́ èyí tí kò yẹ kó dé inú ìkòkò ọbẹ̀ rárá. Èyí tó sì máa yè lè jẹ́ èyí tí ẹran rẹ̀ ò ní ṣeé jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn àìsàn wo là ń sọ?

Kòkòrò àìfojúrí oríṣi méjì ló kàn wá jù. Bakitéríà ni èyí tí oògùn bíi tẹtirasáíkìlìn lè pa. Fáírọ́ọ̀sì ni èyí tí oògùn yẹn ò lè fọwọ́ kàn, bó ti wù kí ẹ dà á sómi tó. Àjẹsára tí adìẹ ti gbà kí àìsàn tó dé nìkan ló ń gbà á lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì.

Lúkúlúkú, tí àwọn dókítà ẹranko ń pè ní Newcastle, fáírọ́ọ̀sì ni. Òun ló ń pa adìẹ ìbílẹ̀ jù lọ nílẹ̀ wa, ó sì lè gbá gbogbo adìẹ tí kò gba àjẹsára nínú agboolé kan lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, láàárín Oṣù Kejìlá ọdún 1952 sí Oṣù Kejì ọdún 1953. Àsìkò ọyẹ́ náà nìyẹn, ẹ rí i. Ọyẹ́ kọ́ ló ń fa àìsàn náà o, ṣùgbọ́n òtútù àti eruku máa ń mú kó rẹ adìẹ, àsìkò ọdún sì ni adìẹ máa ń ti ọjà kan dé ọjà kejì jù.

Gumboro náà fáírọ́ọ̀sì ni, òròmọdìẹ bí ọ̀sẹ̀ 3 sí 6 ló sábà máa ń mú. Marek ni èyí tí adìẹ fi ń na ẹsẹ̀ kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn, tí kò ní lè dìde mọ́. Àìsàn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní coccidiosis yàtọ̀ sí wọn: kòkòrò inú ìfun ló ń fà á, oògùn amprolium sì ń ṣiṣẹ́ fún un bí a bá tètè lò ó. Bird flu, fáírọ́ọ̀sì tó lè ti ara adìẹ ran ènìyàn, ni èyí tó ń bani lẹ́rù jù, a ó dé ibẹ̀.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé adìẹ ṣì lè yè?

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ yà á sọ́tọ̀, kí ẹ gbé àgò rẹ̀ jìnnà sí tàwọn yòókù, kí abọ́ omi rẹ̀ má pa pọ̀ mọ́ tiwọn. Tàwọn tí ara wọn dá ni kí ẹ kọ́kọ́ máa bójú tó láràárọ̀ kí ẹ tó kan tirẹ̀, kì í ṣe kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan tirẹ̀ kí ẹ wá lọ fọwọ́ kan tiwọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e. Ọ̀pọ̀ ẹni ló ń sin adìẹ fún ọdún mélòó kan tí ò gbé e wò rí àfi lọ́jọ́ tí wọ́n máa pa á. Ẹ fi ìka méjì to eegun tó wà láàárín àyà rẹ̀ lọ. Bí ẹran bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, àìsàn náà ò tíì pẹ́ lára rẹ̀. Bí eegun yẹn bá mú ṣóńṣó tí ìka yín ń bọ́ sínú kòtò lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ó ti pẹ́ tó ti ń rù lábẹ́ ìyẹ́, ẹ ò kàn mọ̀ ni. Ẹ fọwọ́ kan àpò oúnjẹ tó wà níwájú ọrùn rẹ̀ láàárọ̀ kí ó tó jẹun: ó yẹ kó ti ṣófo. Bó bá le gbagidi, oúnjẹ àná ò tíì lọ. Ẹ wo ogbe rẹ̀ bóyá ó ṣì pọ́n tàbí ó ti ṣú. Ẹ ṣí ìyẹ́ ìdí rẹ̀ wò: ṣé ìgbẹ́ funfun ló lẹ̀ mọ́ ọn ni, àbí aláwọ̀ ewé, àbí ẹ̀jẹ̀? Ẹ wo abẹ́ apá rẹ̀ bóyá iná ló ń mu ún lẹ́jẹ̀. Mo ti rí adìẹ tí wọ́n ti gbé omi kaná nítorí ẹ̀, tó jẹ́ pé iná ló kún ara ẹ̀ bámúbámú, kò ní àìsàn mìíràn.

Èyí tó lè yè pọ̀. Adìẹ tó ní kókó dúdú gbígbẹ lórí ogbe àti létí ojú, bó bá ṣì ń jẹun tí kókó ò sí lẹ́nu rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ló ń jìnnà fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àgbébọ̀ tí ẹyin há sí nídìí, tó ń rìn gẹ̀gẹ̀ tó ń tiraka láìrí ẹyin yé, ẹ gbé ìdí rẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ gbé e síbi tó ṣókùnkùn. Ọ̀pọ̀ ló máa ń yé e. Aràn inú, ẹsẹ̀ tó wú nítorí ọgbẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tí ẹ tètè rí, gbogbo èyí ló ní oògùn.

Èyí tí ìrètí ò sí fún ni adìẹ tó ń yí ọrùn, tó ń yàgbẹ́ aláwọ̀ ewé, tó ń mí pẹ̀lú ẹnu lílà, pàápàá bí ẹyọ méjì mẹ́ta bá dùbúlẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Àwọn díẹ̀ máa ń là á já, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì máa ń yí ọrùn títí ayé, tí wọn ò ní lè ṣa ọkà tó wà níwájú wọn. Ẹlẹ́sẹ̀-kan-síwájú-ọ̀kan-sẹ́yìn náà ò ní oògùn.

Ọ̀rọ̀ àgbo ńkọ́? Ewúro nínú omi, èmi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ata gígún pẹ̀lú epo pupa tí wọ́n ń rọ adìẹ tí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Gògóńgò ló ń gbà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, adìẹ tí ì bá kú ní ọ̀la á sì kú lọ́wọ́ yín.

Ṣé ìkà kọ́ ni pípa á?

Ẹ má rò pé adìẹ kì í ní orúkọ nílé. Àkùkọ tí àwọn ọmọ ti sọ lórúkọ, àgbébọ̀ tó ti pa ọmọ lẹ́ẹ̀marùn-ún, inú ẹni kì í fẹ́ fi ọ̀bẹ kàn án. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń sọ pé “ẹ jẹ́ kó lọ fúnra ẹ̀.” Wọ́n á gbé e sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná, wọ́n á fi abọ́ omi síwájú ẹ̀, wọ́n á máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Ní ọjọ́ kejì, ó ṣì ń mí. Ní ọjọ́ kẹta, èèrà ti ń rìn létí ojú ẹ̀, ó sì ń ṣẹ́jú.

Lójú tèmi, ìyẹn gan-an ni ìkà. Bí àìsàn náà bá jẹ́ èyí tí kò lóògùn, tí adìẹ ò sì lè dìde, tí kò jẹ, tí kò mu fúnra rẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ kan mọ́ àárọ̀ ọjọ́ kejì, pípa á lẹ́ẹ̀kan ló sàn jù. Bó bá ṣì ń tọ oúnjẹ lọ, tó ń fẹ́ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, tó ń jà nígbà tí ẹ bá gbé e, ẹ fún un láyè sí i.

Ohun kan wà tí a ò gbọdọ̀ fojú fo. Adìẹ tí àìsàn tó ń ràn mú, gbogbo wákàtí tó bá fi wà láàyè lẹ́yìnkùlé ló fi ń da kòkòrò sílẹ̀ nínú ìgbẹ́ àti nínú ikun imú rẹ̀. Àánú tí a ṣe fún ọ̀kan lè di ikú mẹ́jọ.

Báwo la ṣe ń pa á tí kò fi ní joró?

Ọ̀nà méjì ló mọ́gbọ́n dání nílé. Ọ̀bẹ ni ìkíní, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: kó mú dáadáa, kó gé iṣan ọrùn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀bẹ tó kú ló ń jẹ́ kí adìẹ jìyà.

Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá mọ àìsàn tó ń ṣe é, ẹ̀jẹ̀ tó ń fọ́n káàkiri kò dáa. Fífa ọrùn yọ ló yẹ nígbà yẹn. Ẹ fi ọwọ́ kan di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, kí orí wà nísàlẹ̀. Ẹ fi ìka méjì gbá ẹ̀yìn agbárí rẹ̀ mú, kí àtàǹpàkò wà lábẹ́ àgbọ̀n. Ẹ fà á sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú agbára, kí ẹ sì tẹ orí náà sẹ́yìn lẹ́sẹ̀ kan náà. Eegun ọrùn á já kúrò lára agbárí, ọwọ́ yín á sì mọ àlàfo tó wà níbẹ̀. Á gbọn apá fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Iṣan ara ló ń fò, òun fúnra rẹ̀ ò mọ nǹkan kan mọ́. Adìẹ ìbílẹ̀ kékeré rọrùn báyìí. Bùrọ́ílà tó ti sanra kò rọrùn, ẹni tí kò bá ṣe é rí kó pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Rírì í sómi, kíká a mọ́ inú àpò sáárín oòrùn, sísọ ọ́ lóòyẹ̀ sórí ààtàn: ẹ má ṣe é, ẹ má sì rán ọmọdé kó lọ ṣe é.

Ṣé a lè jẹ ẹ́?

Ibí ni ìjà wà. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó rọrùn. Adìẹ tí ọ̀kadà gbá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá, tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá tẹ́lẹ̀, tí ẹ sì dúńbú lójú ẹsẹ̀, ẹ jẹ ẹ́. Àgbébọ̀ tó ti darúgbó tí kò yé mọ́, ẹ jẹ ẹ́, ẹ kàn ní láti sè é pẹ́.

Èyí tó kú fúnra rẹ̀, rárá. Àwọn Mùsùlùmí mọ̀ pé òkúǹbete jẹ́ èèwọ̀. Ìwé Deutarónómì orí 14 náà kọ̀ ọ́ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì. Ká tiẹ̀ gbé ẹ̀sìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀jẹ̀ adìẹ yẹn ò jáde, ara adìẹ sì gbóná ju tiwa lọ, bí 41 sí 42 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ooru yẹn ò tètè lọ lábẹ́ ìyẹ́, bakitéríà inú ìfun á sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ẹ tó jí.

Èyí tí ẹ ti fún lóògùn, ẹ dúró ná. Oògùn ń wà nínú ẹran àti nínú ẹyin fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti dáwọ́ dúró, bí aró ṣe ń ṣí lára àdìrẹ tuntun: fífọ̀ kan ò tó, díẹ̀díẹ̀ ló ń tán. Sísè kì í mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Iye ọjọ́ tó yẹ kí ẹ dúró wà lára páálí oògùn náà, ó sì yàtọ̀ láti orí oògùn kan dé òmíràn. Ìdí nìyẹn tí fífún adìẹ ní tẹtirasáíkìlìn láàárọ̀, kí ẹ wá pa á nírọ̀lẹ́ nítorí pé kò ṣiṣẹ́, fi jẹ́ àdánù méjì. Kápúsù tí wọ́n sì ṣe fún ènìyàn ò ní ìlànà fún adìẹ lára páálí rẹ̀. Àbá lásán lẹ ń dá.

Wàyí o, èyí tó ń yí ọrùn, tó ń tòògbé, tí ẹ ò mọ ohun tó ń ṣe é. Àwọn àgbà á ní, “A ti ń jẹ ẹ́ látọjọ́, kò pa wá.” Òótọ́ wà níbẹ̀. Lúkúlúkú kì í sábà ṣe ènìyàn ju kó mú ojú pọ́n fún ọjọ́ díẹ̀ lọ, iná sì ń pa kòkòrò rẹ̀. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé lúkúlúkú àti bird flu jọra tó bẹ́ẹ̀ tí dókítà ẹranko pàápàá ò lè fi ojú lásán yà wọ́n. Àyẹ̀wò nìkan ló ń fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Ní 8 Oṣù Kejì ọdún 2006 ni wọ́n fìdí irú bird flu tí wọ́n ń pè ní H5N1 múlẹ̀ ní oko adìẹ kan ní Jaji, ìpínlẹ̀ Kàdúná. Àwa ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó ti ṣẹlẹ̀ ní Áfíríkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2007, àyẹ̀wò fi hàn pé obìnrin kan tó kú l'Ékòó ní i lára. Ó tún padà wá sáàárín àwọn adìẹ wa lọ́dún 2015.

Inú ìkòkò kọ́ ni ewu yẹn wà. Bí ẹran bá jinná dénú eegun, fáírọ́ọ̀sì náà á kú. Ọwọ́ ẹni tó dúńbú ẹ̀ ni ewu wà, ojú ẹni tó ń tu ìyẹ́ lórí omi gbígbóná tí oru rẹ̀ ń fẹ́ sí i lójú, èékánná ẹni tó ń fa ìfun tó sì ń la ìwe. Lágboolé wa, obìnrin àti ọmọ ló sábà ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ á wá ṣàn lọ síbi tí àwọn adìẹ yòókù ti ń mumi. Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí, adìẹ tí ẹ ò mọ àìsàn rẹ̀, ẹ má jẹ ẹ́. Ó dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú iye tí ẹran jẹ́ lọ́jà báyìí.

Àwọn kan ò ní jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n á kó o sínú apẹ̀rẹ̀ lọ sí Bódìjà tàbí Ọjà Ọba kó tó kú. Àìsàn ni wọ́n ń tà yẹn. Ẹni tó rà á lè má pa á lọ́jọ́ yẹn. Ó lè so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀ de ọdún.

Ta la lè pè?

Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn ń gba adìẹ, bí ẹ tiẹ̀ rò pé ajá nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹranko ti ìjọba ìpínlẹ̀ náà wà ní Mọ́kọ́lá. Àwọn ènìyàn máa ń rẹ́rìn-ín pé ta ló ń gbé adìẹ ìbílẹ̀ kan lọ sọ́dọ̀ dókítà. Nítorí adìẹ yẹn kọ́ lẹ ṣe ń lọ. Wọ́n á la òkú ẹyọ kan, wọ́n á wo inú rẹ̀, ẹ ó sì mọ ohun tí ẹ máa ṣe fún àwọn mẹ́sàn-án tó kù.

Kí òkú náà wúlò fún wọn, kó jẹ́ tòní. Ẹ fi omi ọṣẹ rin ìyẹ́ rẹ̀ kó má fò káàkiri, ẹ wé e sínú ọ̀rá méjì, ẹ fi yìnyín sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má gbé e sínú fírísà kó dì. Adìẹ tó ń ṣàìsàn tí kò tíì kú tún dára ju òkú lọ fún àyẹ̀wò. Àmọ́ bí adìẹ púpọ̀ bá kú lójijì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má gbé ìkankan rìn. Ẹ fi fóònù pè wọ́n, kí wọ́n wá bá yín nílé.

Òkú adìẹ ńkọ́?

Kì í ṣe ti Ògùnpa, kì í ṣe ti gọ́tà, kì í sì í ṣe ti ajá. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 2 ó kéré tán, níbi tó jìnnà sí kànga, kí ẹ sin ín pẹ̀lú ìyẹ́ àti ohun tó sùn lé. Ẹ fi ọ̀rá wé ọwọ́ bí ẹ ò bá ní ìbọ̀wọ́, kí ẹ bo imú, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá.

Kí la máa ṣe fún àwọn tó kù?

Ẹ gbá ilé wọn, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ tó fi omi bílíìṣì fọ̀ ọ́, nítorí bílíìṣì kì í ṣiṣẹ́ lórí ìgbẹ́. Ẹ má ra adìẹ tuntun kún wọn fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí èyí tó kú kẹ́yìn bá ti lọ. Bí ẹ bá sì wá rà, kó dá wà ná.

Àjẹsára lúkúlúkú kì í wo èyí tó ti ń ṣàìsàn. Èyí tí ara rẹ̀ dá ló wà fún. Ilé ìwádìí ìjọba tó wà ní Vom, lẹ́bàá Jos, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1924, ń ṣe àjẹsára La Sota tí àwọn olóko adìẹ mọ̀, ó sì ń ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní I-2 fún adìẹ ìbílẹ̀. I-2 máa ń fara da ooru ju La Sota lọ, ẹ̀kán kan ṣoṣo lójú sì tó fún adìẹ kan. Lóṣù mẹ́ta-mẹ́rin ni wọ́n ń tún un ṣe. Kí ọyẹ́ tó dé ni kí ẹ ti ṣe é.

Ohun tó ń dí ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ni pé ìgò kan máa ń tó ọ̀pọ̀ adìẹ, ti yín ò sì ju mẹ́wàá lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé tọ́jú pamọ́ bí ẹ bá ti pò ó tán. Ẹ kó àwọn ará àdúgbò jọ, kí ẹ dá owó, kí ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìdájí ni kí ẹ dá a sí, kí ẹnikẹ́ni tó tú adìẹ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti jáde tán, ta ló fẹ́ máa lé àkùkọ yí àdúgbò ká?